Kó o tó lọ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ́físà: ẹsẹ̀ rẹ ni kó o kọ́kọ́ múra sílẹ̀

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ dáadáa. O ní o parí ní OAU, o ti sìnrú ìlú tán, Ilé-Ifẹ̀ lo ṣì ń gbé, o fẹ́ di ọ́físà nípasẹ̀ DSSC, ìyẹn ètò tí iléeṣẹ́ ológun fi ń sọ ẹni tó ti gboyè yunifásítì di ọ́físà, o sì rò pé o ní bí oṣù 3 kí wọ́n tó pè yín. Ọ̀rẹ́ rẹ ní kó o máa lọ jímù kó o máa gbé irin, ẹlòmíì sọ fún ẹ pé Zaria ni wàá kọ́kọ́ lọ pẹ̀lú àwọn rikrúùtù. O wá ní kí ẹni tó ti débẹ̀ dáhùn. Ọmọ Iléṣà ni mí, obìnrin bíi tìẹ, mo gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà, mo sì wọ aṣọ yẹn fún ọdún mélòó kan kí n tó kúrò. Màá sọ ohun tí mo rí fún ẹ bó ṣe rí gan-an.

Ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ Zaria kúrò ńlẹ̀. Depot, ibùdó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Zaria, àwọn rikrúùtù, ìyẹn àwọn tó fẹ́ di ṣọ́jà lásán tí kì í ṣe ọ́físà, ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá gba DSSC, Kàdúná ló ń lọ, NDA, ilé ẹ̀kọ́ ológun tó ti wà láti 1964, cadet ni wọ́n á sì máa pè ẹ́ títí wàá fi jáde. Àwọn tó wọ NDA láti sẹ́kọ́ńdírì, ọdún 5 ni tiwọn, 4 fún ìwé, 1 fún iṣẹ́ ológun. Ìwé ti wà lọ́wọ́ tìẹ, torí náà oṣù díẹ̀ ni wọ́n máa fi kọ́ ẹ ní gbogbo ohun tó yẹ kí ara mọ̀, àtèyí tí rikrúùtù ń kọ́ àtèyí tí ọ́físà ń kọ́, ìdí nìyẹn tó fi máa ń le, ẹnikẹ́ni ò ní dúró dè ẹ́ kí ara rẹ tó mọ́ra.

Jímù kì í ṣe nǹkan burúkú o. Àmọ́ kì í ṣe apá ló ń dá èèyàn padà sílé, ẹsẹ̀ ni. Ọkùnrin kan wà lẹ́gbẹ́ wa, àyà rẹ̀ fẹ̀, irin tó ń gbé mi ò lè sún un, ṣùgbọ́n kò sáré lórí ilẹ̀ líle rí. Kò pẹ́ tá a débẹ̀ ni ojúgun bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ó dákẹ́, ó ń rọ́jú, kò fẹ́ kí wọ́n rò pé ọ̀lẹ ni òun, títí egungun fi sán, bó ṣe di ẹni tó ń ti ọ̀pá nìyẹn tó sì pàdánù àǹfààní yẹn. Ó dùn mí gan-an, torí ọmọ náà mọ iṣẹ́. Ohun tó ń fa èyí ni pé èémí àti iṣan máa ń tètè lágbára, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan o ti lè sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ egungun kì í yára bẹ́ẹ̀, oṣù ló máa ń gbà á. Tó o bá kàn dìde lórí àga tó o bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láàárọ̀ sáré nírọ̀lẹ́, egungun ni ìyà ẹ̀ máa jẹ.

Nítorí náà ìrìn ni kó o fi bẹ̀rẹ̀, má kánjú sáré. Láti géètì OAU wọ inú ọgbà gba Road 1, kó o rìn ín kánmọ́kánmọ́ lọ kó o rìn ín bọ̀, lójoojúmọ́, ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà kó o máa sáré díẹ̀ kó o máa rìn díẹ̀, kó o fi ọjọ́ kan sáré kó o fi ọjọ́ kejì sinmi ẹsẹ̀. Ohun tó o ń wá ni pé nígbà tó bá fi máa ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó o lè sáré 3.2 km láìdúró, torí iye yẹn ni wọ́n sábà máa ń fi dán ara wò nínú ológun. Lórí pápá oní-400 mítà, ìgbà 8 yíká ló jẹ́. Tó o bá ti lè ṣe ìyẹn, máa wá òkè gùn. Ifẹ̀ ní òkè tiẹ̀, àmọ́ tó o bá ráyè wá sí Iléṣà, gun Òkè Ìmọ̀, tàbí kó o lọ sí Erin-Ìjẹ̀ṣà níbi omi Olúmirìn tó ní ìpele 7, kó o rọra gùn ún kó o sì rọra sọ̀. Sísọ̀ yẹn ló ń kọ́ orúnkún ju gígùn lọ, ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Má dá sáré lójú títì márosẹ̀ ní ìdájí o, tírélà ò rí ẹ, àwọn ọmọ burúkú sì wà níta, ẹ jẹ́ ẹni méjì mẹ́ta.

Ẹrù náà ńkọ́? Wọ́n á gbé báàgì kọ́ ẹ lẹ́yìn, wọ́n á ní kó o rìn títí. Wá báàgì ẹ̀yìn kan, bu yanrìn tàbí ìrẹsì kílò 5 sínú ọ̀rá kó o dì í dáadáa kí ó má máa rìn káàkiri, gbé e rìn lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kó o máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Má gbé e sáré. Ìyẹn á dé tó bá yá, ìwọ má fi ọwọ́ ara rẹ ba orúnkún jẹ́ nílé.

Bàtà ṣe pàtàkì gan-an. Ra bùútù, kì í ṣe kó o lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ pẹ́kípẹ́kí o, ẹsẹ̀ máa ń wú tó bá ti rìn pẹ́, torí náà ìrọ̀lẹ́ ni kó o lọ ra á, kó o wọ ìbọ̀sẹ̀ lọ. Wọ̀ ọ́ nínú ilé, wọ̀ ọ́ lọ sọ́jà, títí awọ rẹ̀ á fi rọ̀. Kódà tí wọ́n bá máa fún ẹ ní òmíràn níbẹ̀, awọ ẹsẹ̀ rẹ á ti yi, ohun tá à ń wá nìyẹn. Tí ẹsẹ̀ bá lé ròrò, má bó awọ rẹ̀ kúrò. Wá abẹ́rẹ́ tó mọ́, gún etí rẹ̀, jẹ́ kí omi inú ẹ̀ jáde, kó o fi awọ yẹn sílẹ̀ kó bo ojú egbò, kó o lẹ bándéèjì mọ́ ọn. Gé èékánná ẹsẹ̀ kó gún, má gé igun rẹ̀ wọnú. Ìbọ̀sẹ̀ tó tutù kò gbọdọ̀ sùn lẹ́sẹ̀ rẹ. Tí ojúgun bá ń dùn ẹ́, wò ó bóyá gbogbo ẹ̀ ló ń dùn àbí ojú kan ṣoṣo tó o lè fi ìka tọ́ka sí. Tó bá jẹ́ ojú kan, tó tún ń dùn ní òru tó o ò gbẹ́sẹ̀, lọ rí dókítà, má rọ́jú rárá.

Push-up, kó o bẹ̀rẹ̀ lára ògiri tó o bá nílò ẹ̀, lẹ́yìn náà lórí bẹ́ńṣì, lẹ́yìn náà nílẹ̀. Fi ọwọ́ rọ̀ mọ́ irin tó ga, kó o kan máa rọ̀ títí apá á fi rẹ̀ ẹ́. Ó tó.

Ohun tí mo fẹ́ kó o fi ọkàn sí jù lẹ́yìn ẹsẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ rẹ. Obìnrin púpọ̀ lára wa ni ẹ̀jẹ̀ wọn ò tó tí wọn ò sì mọ̀, torí nǹkan oṣù tó ń wá púpọ̀ àti oúnjẹ tí ò lérè. Nílé o lè má mọ̀ ọ́n, àmọ́ tí wọ́n bá ní kó o máa sáré láti ìdájí, òyì á máa kọ́ ẹ, wọ́n á ní ọ̀lẹ ni ẹ́. Lọ yẹ PCV rẹ wò ní báyìí, àyẹ̀wò tó ń fi hàn bóyá ẹ̀jẹ̀ tó lára, kó tó di pé wọ́n pè ẹ́, ní Ifẹ̀ níbẹ̀ tàbí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà tó o bá wá sọ́dọ̀ wa. Tí kò bá pọ̀ tó, dókítà á fún ẹ ní oògùn, kó o sì máa jẹ ẹ̀dọ̀, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Oṣù 3 tó láti gbé e sókè, ọ̀sẹ̀ kan ò tó.

Bákan náà genotype. Bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwa ọmọ Nàìjíríà ló jẹ́ AS, wọ́n á ní AS kì í ṣe àìsàn, òótọ́ sì ni, mi ò fẹ́ dẹ́rù bà ẹ́. Àmọ́ nínú eré àṣekúdórógbó lábẹ́ oòrùn tí omi ò sì tó, ewu tó wà fún AS ju ti AA lọ, ìwádìí lórí àwọn ṣọ́jà Amẹ́ríkà ti fi hàn pé iṣan wọn tètè ń bàjẹ́, èèyàn sì lè ṣubú lulẹ̀. Mọ tìẹ, sọ fún dókítà ibẹ̀, mu omi kó o tó ṣeré kì í ṣe ìgbà tí òùngbẹ bá dé. Máa wo ìtọ̀ rẹ: tó bá dúdú bíi Coke lẹ́yìn eré, tí iṣan tún ń dùn ju bó ṣe yẹ, ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀, ẹ̀yà genotype yòówù kó o jẹ́. Ẹni tó ní asthma tó fi inhaler pamọ́ torí kí wọ́n má bàa lé e, àbúrò mi, ẹ̀mí rẹ̀ ló ń fi ṣeré. Mo bẹ̀ ẹ́, má fi nǹkan kan pamọ́ fún dókítà.

Oorun ni ìkejì. Káńpù NYSC ní Ẹdẹ ti fi díẹ̀ hàn wá, bẹ́ẹ̀ ọ̀sẹ̀ 3 péré nìyẹn, o sì lè sá wọ máámí márkẹ́ẹ̀tì lọ jẹun. Èyí tó ń bọ̀ yìí, kò sí márkẹ́ẹ̀tì. Bẹ̀rẹ̀ sí í jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀ láti ìsinsìnyí, kó o tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kó o wẹ̀, kó o múra, kó o ti wà níta ní ìṣẹ́jú mélòó kan. Oúnjẹ náà, àwa Ìjẹ̀ṣà tá a máa ń fara balẹ̀ jẹ iyán, ó ṣòro fún wa, torí wọn ò ní fún ẹ láyè láti fara balẹ̀. Kọ́ láti jẹun yá, kó o sì jẹ ohun tí wọ́n bá gbé síwájú ẹ. Tó o bá ní ọgbẹ́ inú, tọ́jú ẹ̀ kó o tó lọ.

Èyí tó kàn, inú ọkàn ló wà. Ẹni tó máa kọ́ ẹ ní dírìlì, kọ́púrà tàbí sájẹ́ǹtì ni, ó lè kéré sí ẹ lọ́jọ́ orí, ó lè má ní dígírì, òun ló máa jágbe mọ́ ẹ láti ìdájí dalẹ́. Lọ́jọ́ tí ìràwọ̀ bá dé èjìká rẹ, òun náà ló máa bẹ́rí fún ẹ. Àwọn tó jáde yunifásítì ni èyí máa ń bí nínú jù, wọ́n á fẹ́ ṣàlàyé, wọ́n á fẹ́ jiyàn. Má ṣàlàyé. Tí wọ́n bá ní o pẹ́, o pẹ́. Èmi gbà pé ó dáa bẹ́ẹ̀, torí níbi tí ìbọn ti ń dún, ẹni tí kò tíì gbọ́ àṣẹ rí kò lè pàṣẹ tí ẹ̀mí ogún èèyàn máa rọ̀ mọ́. Ìkíni pàápàá yàtọ̀. A kọ́ ẹ láti kékeré pé kó o kúnlẹ̀ fún àgbà, níbẹ̀ dídúró ṣánṣán ni ọ̀wọ̀, apá lẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú síwájú. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà kan tá a jọ wà kúnlẹ̀ fún ọ̀gá kan lọ́jọ́ tá a débẹ̀, olùkọ́ sáré ní kó dìde. Máa fi dígí kọ́ bó o ṣe máa dúró.

Kọ́ Hausa díẹ̀ náà. Ruwa ni omi, ina kwana ni ẹ káàárọ̀, na gode ni ẹ ṣeun. Ó ń ṣílẹ̀kùn fún èèyàn ní Kàdúná.

Ìyá rẹ tó o ní ó ń sunkún, má bínú sí i. Jókòó tì í, sọ fún un pé wọ́n máa ń gba fóònù níbẹ̀rẹ̀, pé tí kò bá gbóhùn rẹ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kì í ṣe pé nǹkan ṣe ẹ́. Sọ òtítọ́ fún un, kó o sì sọ fún ara rẹ náà: iṣẹ́ yìí lè gbé ẹ lọ sí Borno. Láti 2009 ni ogun Boko Haram ti ń jà níbẹ̀, àwọn tí mo mọ̀ lọ, gbogbo wọn kọ́ ló bọ̀. Tó bá jẹ́ àìríṣẹ́ nìkan ló ń gbé ẹ lọ, tún un rò. Tó bá jẹ́ pé o fẹ́ ẹ, lọ, mo wà lẹ́yìn rẹ.

Fọ́ọ̀mù ọ̀fẹ́ ni o, orí íntánẹ́ẹ̀tì ológun fúnra wọn ni. Ẹnikẹ́ni ní Lágéré tàbí ibikíbi tó bá ní òun mọ ọ̀gá tó máa fi orúkọ rẹ sí i tó o bá mú owó wá, olè ni. Ka ìpolówó ọdún tìẹ fínnífínní: ọjọ́ orí sábà máa ń wà láàárín 22 sí 32, gíga obìnrin 1.65 mítà, ọkùnrin 1.68 mítà, wọ́n á béèrè ìwé NYSC, ìwé ọjọ́ ìbí àti ti ìpínlẹ̀ rẹ. Tí orúkọ rẹ ò bá dọ́gba nínú wọn, lọ tún un ṣe ní báyìí.

Nínú ẹrù rẹ, yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n bá kọ síwèé, mú páàdì tó máa pẹ́ ju oṣù kan lọ, bírà eré ìdárayá tó le, kì í ṣe èyí tó lẹ́wà, àti òrí inú ike ńlá, torí ọyẹ́ Kàdúná kì í ṣe ti Ifẹ̀, ètè á là, gìgísẹ̀ á là. Gé irun rẹ kúrú nílé kó o tó lọ kí ó má bàa dùn ẹ́ níbẹ̀. Tí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró torí wàhálà, ó máa ń ṣẹlẹ̀, má jáyà, àmọ́ sọ fún nọ́ọ̀sì. Tí èsì PCV rẹ bá jáde, tún kọ ọ́ síbí, màá wò ó pẹ̀lú ẹ.