Ọ́ìlì Wo Ló Yẹ Gíà Kékeré 4Runner?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá wa. 4Runner 1998 tòkunbọ̀ ni mo fi ń kó kòkó láti oko wa ní apá Ìdànrè, a sì máa ń la odò kékeré kan kọjá. Ọtọmátíìkì ni. Lóṣù tó kọjá, mẹkáníìkì tuntun kan rọ ATF (ọ́ìlì gíà ọtọmátíìkì) pupa kan náà sínú gíà ńlá àti sínú transfer case, ìyẹn gíà kékeré tó ń pín agbára fún táyà iwájú àti tẹ̀yìn. Ó ní bẹ́ẹ̀ lòun ṣe ń ṣe Nissan Pathfinder. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti kì í sí H4 kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè jọ fà, nǹkan á máa súfèé nísàlẹ̀. Ṣé ọ́ìlì yẹn ló fà á? — Àgbẹ̀ kòkó, Ìdànrè

Ìdáhùn: Ọ̀gá àgbẹ̀, ẹ kú oko o. Ọ́ìlì yẹn kò yẹ kó wà níbẹ̀. Ẹ dà á jáde kí ẹ tó tún kó kòkó. Mẹkáníìkì yín kò purọ́ nípa Pathfinder: ATF ni transfer case Pathfinder ayé ìgbà yẹn ń mu lóòótọ́, ti Jeep Cherokee náà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gear oil 75W-90 ni Toyota ní kí a rọ sí tiyín, GL-4 tàbí GL-5 (orúkọ ìpele agbára gear oil). Ó ń fẹ́ ọ́ìlì tó ki díẹ̀, tí yóò lè dúró láàárín eyín gíà bí ẹrù bá wúwo. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí irú èyí, torí bíi líta kan péré ló ń gbà, iye rẹ̀ kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó transfer case tòkunbọ̀ mìíràn. Bí ẹ bá sì rí ẹni tó fẹ́ rọ gear oil 140 tó ki jù sí i kí ariwo lè dákẹ́, ẹ má gbà fún un. Ariwo náà lè dákẹ́ lóòótọ́, àìsàn rẹ̀ á wà níbẹ̀.

Gíà ńlá ló ni ATF. Ẹ fa géèjì rẹ̀ yọ, ẹ ó rí orúkọ ọ́ìlì tó ń mu lára irin náà: Dexron II tàbí III. General Motors, ilé iṣẹ́ tó ni orúkọ Dexron, kò fọwọ́ sí Dexron III fún ẹnikẹ́ni mọ́ láti òpin 2006, Dexron VI ló gbapò rẹ̀. Nítorí náà, gálọ́ọ̀nù tí wọ́n kọ III sí lọ́jà lónìí, ẹni tó ṣe é nìkan ló ń jẹ́rìí sí i. Ẹ ra ti ilé iṣẹ́ tó lórúkọ, tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí ìdérí rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ gbóná, kó máa ṣiṣẹ́, kí gíà wà ní P, kí ẹ tó wo géèjì yìí.

Dífù iwájú àti tẹ̀yìn, ìyẹn gíà tó wà láàárín táyà méjì, ń fẹ́ GL-5, torí eyín wọn máa ń yọ̀ lórí ara wọn bí wọ́n ṣe ń yí. Ẹ̀yin tí ẹ ń wa gíà manual, ẹ má jẹ́ kí wọ́n bu ti dífù sí i, àfi bí ìwé ọkọ̀ bá fàyè gbà á. Kẹ́míkà inú GL-5 lè jẹ òrùka idẹ tó wà nínú gíà náà.

Transfer case kò ní géèjì. Ẹ gbé ọkọ̀ síbi tó tẹ́jú. Nọ́ọ̀tì méjì lẹ ó rí: ti òkè ni a ń gbà rọ ọ́ìlì, ti ìsàlẹ̀ ni a ń gbà dà á. Ti òkè ni kí ẹ kọ́kọ́ tú! Ọmọṣẹ́ mi kan tú ti ìsàlẹ̀ nígbà kan, ọ́ìlì dà tán pátá kí a tó rí i pé ìpata ti mú ti òkè, kò sì gbọ́ sípánà. Ọjọ́ mẹ́ta ni ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ fi sùn sí ṣọ́ọ̀bù wa, títí wẹ́dà fi bá wa jó irin mọ́ ọn lórí.

Bí ẹ bá ti ṣí i, ẹ ti ìka bọ ihò náà. Ẹnu ihò gan-an ló yẹ kí ọ́ìlì wà, tàbí kó fi díẹ̀ rẹlẹ̀. Bó bá tú jáde yàà, tí kì í ṣe pé wọ́n rọ ọ́ jù, ẹ fura sí síìlì tó wà láàárín gíà ńlá àti kékeré. Mo ti rí i lára Land Cruiser àtijọ́: gíà ńlá ń gbẹ, ilẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ kò ní ẹ̀kán ọ́ìlì kan, gbogbo rẹ̀ ti ṣàn sínú gíà kékeré.

Ẹ fi ìka ra ọ́ìlì tó jáde. Ìyẹ̀fun dúdú bíi tìróò kò léwu. Ègé irin tí ìka lè ṣà léwu. Bó bá rí bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí, omi odò yín ti wọ ibẹ̀, ẹ yẹ rọ́bà tó ń gbé èémí rẹ̀ wò.

Ìbéèrè: 4Runner 1999 ni tèmi. Ọ́ìlì orí géèjì gíà ti di pọ́ńkì, ó ki bíi yọ́gọ́ọ̀tì. Mẹkáníìkì ní omi àgbàrá ni, ká kàn pààrọ̀ ATF. — Olùkọ́ obìnrin, Ìkòròdú

Ìdáhùn: Ìyá olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wa ọkọ̀ náà mọ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ẹ ṣí rédíétọ̀. Bí pọ́ńkì yẹn bá wà níbẹ̀ náà, kì í ṣe àgbàrá. Inú ìsàlẹ̀ rédíétọ̀ ni ATF ti ń tutù. Bí ibẹ̀ bá lu, omi rédíétọ̀ á wọ gíà, a sì máa ba àwọn páálí inú rẹ̀ jẹ́. A mọ àìsàn yìí mọ́ 4Runner ìran yìí dáadáa. Ẹ pààrọ̀ rédíétọ̀ ná, kí wọ́n tó máa fi ATF tuntun fọ gíà títí yóò fi pọ́n rokoso. Bí rédíétọ̀ tó bá ọkọ̀ wá láti 1999 bá ṣì wà lára ọkọ̀ ẹnikẹ́ni tó ń ka èyí, kí ó pààrọ̀ rẹ̀ nísinsìnyí tí gíà ṣì dára.