Èsì: Yìnyín níwájú ṣọ́ọ̀bù, ta ni kí n pè lẹ́jọ́?
Ẹ̀gbọ́n Ṣọlá, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ewu. Ẹ ní ẹ yọ̀ ṣubú lórí yìnyín níwájú ṣọ́ọ̀bù kan ní Brampton, ní ìpínlẹ̀ Ontario ní Canada, àti pé ọdún 2 lẹ ní láti fi pẹjọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ìwé ìfitónilétí kò lè dúró tó bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2021 ni òfin Ontario ti ní kí ẹ kọ̀wé sí ẹni tó ń ṣàkóso ibẹ̀, tàbí ẹni tó gbaṣẹ́ kíkó yìnyín, láàárín ọjọ́ 60. Ẹ kọ ọjọ́, aago àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀ síbẹ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi lẹ́tà onírẹjísítà (registered mail), kì í ṣe WhatsApp o! Tó bá jẹ́ ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ti ìjọba ìbílẹ̀ ni, ọjọ́ 10 péré ni, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi hàn pé àìbìkítà wọn burú jáì. Ta ló mọ ibi tí ilẹ̀ oníṣọ́ọ̀bù parí sí? Ẹ kọ sí àwọn méjèèjì. Ẹ má sì ju bàtà ọjọ́ náà nù, lọ́yà wọn máa béèrè rẹ̀.