Kí ni "dọ́gba" túmọ̀ sí nínú ìdọ́gba kẹ́míkà?

Ìbéèrè: Wọ́n ní kí ìdọ́gba kẹ́míkà "dọ́gba". Kí gan-an ló ń dọ́gba? Kí ló sì dé tí wọ́n fi ń fagi lé e bí èèyàn bá sọ H₂O di H₂O₂ kí iye rẹ̀ lè pé?

Tí a bá ní ọmọ méjì dọ́gba, ẹni tó gbọ́ á béèrè pé ní gíga ni àbí ní ọjọ́ orí. Nínú kẹ́míkà, iye átọ́mù ló ń dọ́gba, irú kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀: kábọ̀nù apá òsì ọfà gbọ́dọ̀ bá ti apá ọ̀tún mu, háídrójìn bẹ́ẹ̀, ọ́síjìn bẹ́ẹ̀. Ìyípadà kẹ́míkà ń tú àwọn átọ́mù kúrò lára ara wọn, ó sì ń tún wọn tò, àmọ́ kì í dá tuntun, kì í sì í pa èyíkéyìí rẹ́. Ìdí nìyẹn tí ìwọ̀n náà fi ń dọ́gba, bí Antoine Lavoisier, ọmọ Faransé, ṣe kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1789. Iye mólékù, ìyẹn àwọn átọ́mù tó so pọ̀ di ẹyọ kan, kò pọn dandan kó dọ́gba, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà.

Ẹ wo gáàsì propane tó ń jóná:

C₃H₈ + O₂ → CO₂ + H₂O

Kábọ̀nù ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Mẹ́ta ló wà lápá òsì, ẹ kọ 3 síwájú CO₂. Háídrójìn jẹ́ mẹ́jọ. Omi kan ń gba méjì, ẹ kọ 4 síwájú H₂O. Ọ́síjìn la fi sẹ́yìn, torí òun ló dá dúró lápá òsì, nọ́ńbà iwájú rẹ̀ kò sì ní da ohun tí a ti ṣe rú. Lápá ọ̀tún ó ti di 6 àti 4, ìyẹn 10, nítorí náà O₂ márùn-ún la nílò:

C₃H₈ + 5O₂ → 3CO₂ + 4H₂O

Ẹ ka mólékù: mẹ́fà lápá òsì, méje lápá ọ̀tún. Ẹ wá wọ̀n wọ́n: bí propane bá jẹ́ gíráàmù 44, ọ́síjìn á jẹ́ 160 lọ́hùn-ún, CO₂ á jẹ́ 132, omi á sì jẹ́ 72 níhìn-ín. 204 ni méjèèjì.

Ní ti H₂O₂, nọ́ńbà kékeré ìsàlẹ̀ jẹ́ ara ohun náà. Nọ́ńbà ńlá iwájú ló ń sọ iye tó wà. H₂O ni omi. H₂O₂ ni hydrogen peroxide, tó ń bó àwọ̀ irun, tó sì ń pa kòkòrò àrùn. Ẹni tó fi kún nọ́ńbà kékeré kò mú nǹkan dọ́gba, ohun mìíràn ló kọ. H₂ + O₂ → H₂O kò dọ́gba; èyí tó tọ́ ni 2H₂ + O₂ → 2H₂O.

Bí ọ́síjìn bá ní ààbọ̀, bíi ti ethane, C₂H₆, tó ń fẹ́ O₂ mẹ́ta àtààbọ̀, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di ìlọ́po méjì, kì í ṣe ọ́síjìn nìkan: 2C₂H₆ + 7O₂ → 4CO₂ + 6H₂O.

Ó tún yẹ kí ẹ mọ irú ìyípadà tó wà níwájú yín. Ohun méjì lè para pọ̀ di ọ̀kan, ọ̀kan sì lè tú sí méjì; ìyẹn kò le. Ìjóná la ṣe tán yìí. Èyí tó gba àkíyèsí ni ìrọ́pò, níbi tí mẹ́táàlì kan ti ń gba ipò òmíràn. Ẹ ri irin bọ omi copper sulphate: àwọ̀ búlúù omi náà á máa ṣá, bàbà pupa á sì bo ara irin.

Fe + CuSO₄ → FeSO₄ + Cu

SO₄, ìyẹn sulphate, kò tú ká. Odindi ló ń ṣí lọ, nítorí náà ẹ kà á bí ẹyọ kan. Tó bá jẹ́ aluminium ni:

2Al + 3CuSO₄ → Al₂(SO₄)₃ + 3Cu

SO₄ mẹ́ta níhìn-ín, mẹ́ta lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá ń ka ọ́síjìn rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lè dé ibi kan náà, ṣùgbọ́n ó rọrùn fún un láti ka 4 kó sì gbàgbé 3 tó wà lẹ́yìn àmì àkámọ́.