Ṣé ọkọ̀ ojú irin ìgboro ti wà ní Adó-Èkìtì rí?

Rárá, kò sí i rí. Bí ẹ bá ti gbọ́ ìtàn irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, ti Èkó ni. Ọdún 1902 ni ìjọba amúnisìn ṣí i. Irin rélùwéè tó ti Ìbàdàn bọ̀ parí sí Ìddó (ti Èkó o, kì í ṣe Ìdó-Èkìtì), omi ọ̀sà sì wà láàárín ibẹ̀ àti Erékùṣù Èkó. Ọkọ̀ kékeré yìí ló ń kó èrò àti ẹrù gba orí afárá Carter kọjá. Nígbà tó yá, wọ́n dá èrò kíkó dúró, ó wá ku kí ó máa kó ìgbẹ́ ìlú lọ dànù. Ọdún 1933 ni wọ́n pa á tì.

Ti Èkìtì ló dùn mí jù. Rélùwéè dé Òṣogbo ní 1907, ó sì gba ọ̀nà Ọ̀fà kọjá sí Ìlọrin láìya ọ̀dọ̀ wa rárá. Títí di òní, kò sí irin rélùwéè kankan ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì, bẹ́ẹ̀ kòkó àti pákó wa pọ̀ tó ohun tí wọ́n ì bá torí ẹ̀ là á dé Adó.