Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Àwọn Giants àti Àhesọ Ìgbà Òtútù

Ìdíje bésíbọ́ọ̀lù líìgì MLB ní Amẹ́ríkà máa ń parí ní ìparí oṣù Kẹwàá tàbí ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, ṣùgbọ́n lẹ́tà tí ẹ̀yin olùkàwé ń kọ sí wa nípa ẹgbẹ́ San Francisco Giants kì í dín kù nígbà náà, ńṣe ló ń pọ̀ sí i. Ohun tí púpọ̀ nínú yín ń béèrè kò ju pé kí ni ká gbà gbọ́ nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ pé ẹgbẹ́ yìí fẹ́ ṣe, kí sì ni ká gbójú fò dá. A mú mẹ́rin nínú àwọn lẹ́tà náà síbí.

Ìbéèrè: Olóòtú mi ọ̀wọ́n, ọmọ mi ló fà mí wọ inú eré yìí. Tí ìdíje bá ti parí, á máa sọ fún mi pé lágbájá ti di free agent, tàmẹ̀dù náà ti di free agent. Kí ló ń sọ agbábọ́ọ̀lù di bẹ́ẹ̀? Ṣé ẹnikẹ́ni ló lè fi ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó bá wù ú? (Ìyá kan ní Sacramento)

Ìdáhùn: Rárá o, mà. Agbábọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ ti lo ọdún mẹ́fà gbáko nínú líìgì ńlá náà, ọjọ́ 172 ni wọ́n sì ń kà sí ọdún kan. Àdéhùn rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ti parí kó tó lè bá èyíkéyìí tó bá wù ú nínú ọgbọ̀n ẹgbẹ́ tó wà níbẹ̀ dúnàá-dúrà. Òmìnira yìí kò wá lọ́fẹ̀ẹ́. Láyé àtijọ́, ẹgbẹ́ tó bá ti ní èèyàn ló ni ín títí tí yóò fi tà á tàbí tí yóò fi lé e. Ní ọdún 1969, ẹgbẹ́ St. Louis Cardinals fẹ́ fi agbábọ́ọ̀lù wọn, Curt Flood, ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ Philadelphia, ó kọ̀ jálẹ̀, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà, níbi tí adájọ́ márùn-ún ti dá a lẹ́bi ní ọdún 1972 tí mẹ́ta sì gbè é. Oṣù Kejìlá ọdún 1975 ni Peter Seitz, tí àwọn ẹgbẹ́ àti àwọn agbábọ́ọ̀lù jọ yàn láti máa parí ìjà wọn, wá dá Andy Messersmith àti Dave McNally láre, pé bí èèyàn bá ti gbá bọ́ọ̀lù fún ọdún kan láìtọwọ́ bọ ìwé àdéhùn tuntun, ó ti bọ́ nìyẹn. Gbogbo owó gọbọi tí ẹ ń gbọ́ lónìí, orí ìdájọ́ yẹn ló dúró lé, bẹ́ẹ̀ Flood fúnra rẹ̀ kò jẹ nínú rẹ̀. Ó dára kí ọmọ yín mọ orúkọ rẹ̀.

Ìbéèrè: Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, mo kà á pé Aaron Judge, agbábọ́ọ̀lù New York Yankees, ti ń bọ̀ ní San Francisco. Inú mi dùn, mo pe àwọn ọ̀rẹ́ mi lórí fóònù. Kò pẹ́ tí wọ́n ní kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n ní Carlos Correa ti di tiwa, òun náà kò sì dé. Ṣé irọ́ ni àwọn oníròyìn ń pa fún wa ni? Báwo ni ẹni tó wà nílé ṣe lè mọ òótọ́? (Olùkàwé ní Oakland)

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ méjèèjì kì í ṣe irú kan náà, ẹ jẹ́ ká yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ti Judge ní ìpìlẹ̀. Ìlú Linden ní California ló ti dàgbà, Giants ló sì fẹ́ràn nígbà tó wà lọ́mọdé. Ọdún 2022 yẹn ló gbá home run 62 (ìyẹn ni pé ó gbá bọ́ọ̀lù kọjá ògiri pápá), tó fi borí 61 tí Roger Maris gbá ní ọdún 1961, èyí tí ẹnikẹ́ni nínú American League, ọ̀kan nínú apá méjì tí MLB pín sí, kò tíì borí láti ìgbà náà. Ó wá sí San Francisco ní oṣù Kọkànlá, àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ sì gbà á lálejò. Títí dé ibẹ̀, kò sí irọ́ kankan níbẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹfà oṣù Kejìlá, tí àwọn alákòóso gbogbo ẹgbẹ́ ti pé jọ sí San Diego fún ìpàdé ọdọọdún wọn, akọ̀ròyìn kan tí gbogbo èèyàn mọ̀ kọ ọ́ sórí Twitter pé ó jọ pé Judge ti ń lọ sọ́dọ̀ Giants. Ìkánjú náà pọ̀ débi pé “Arson” ló kọ dípò Aaron. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ìròyìn ti dé pé Judge kò kúrò ní New York: ọdún mẹ́sàn-án ni Yankees fún un, pẹ̀lú mílíọ̀nù 360 dọ́là.

Ẹ wá wo owó náà dáadáa. Kí ìdíje ọdún yẹn tó bẹ̀rẹ̀, mílíọ̀nù 213.5 dọ́là fún ọdún méje ni Yankees fi lọ̀ ọ́, ó sì ní òun kò gbà. Lóòótọ́, home run 62 gbé iye rẹ̀ ga, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Bí orúkọ Giants bá ṣe ń jáde nínú ìròyìn lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni owó tí Yankees gbọ́dọ̀ mú wá ń lọ sókè. A kò sọ pé ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ tan yín jẹ. Iṣẹ́ aṣojú agbábọ́ọ̀lù ni pé kó rí i pé ẹgbẹ́ tó ju ọ̀kan lọ ń lé ẹni tó ń ṣojú fún, kí gbogbo ayé sì gbọ́. Nítorí náà, nígbàkigbà tí ẹ bá ka àhesọ, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé ta ló máa jèrè tí ọ̀rọ̀ yìí bá tàn kálẹ̀ lónìí. Tó bá jẹ́ pé aṣojú nìkan ló máa jèrè, ẹ má tíì pe ọ̀rẹ́ kankan.

Ti Correa kì í ṣe àhesọ rárá, ìdí sì nìyẹn tó fi dunni jù. Ẹgbẹ́ àti òun ti fẹnu kò lóòótọ́ lórí ọdún mẹ́tàlá àti mílíọ̀nù 350 dọ́là. Ohun kan ṣoṣo ló kù, àyẹ̀wò ara. Ogúnjọ́ oṣù Kejìlá ni wọ́n fẹ́ gbé e jáde fáwọn oníròyìn, àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n sún ètò náà síwájú, nítorí pé ohun tí àwọn dókítà rí ní ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, èyí tó kán ní ọdún 2014 tí wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún, kò fi àwọn aláṣẹ lọ́kàn balẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, New York Mets ti gbà á fún ọdún méjìlá pẹ̀lú mílíọ̀nù 315. Dókítà tiwọn náà wo ẹsẹ̀ kan náà, ọ̀rọ̀ tún há. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, ó padà sọ́dọ̀ Minnesota Twins tó ti wà tẹ́lẹ̀, fún ọdún mẹ́fà àti mílíọ̀nù 200 dọ́là. Láàárín oṣù kan, ẹgbẹ́ mẹ́ta ló ti bá a fẹnu kò.

Ẹ máa fetí sí ọ̀rọ̀ tí oníròyìn bá lò. Bó bá ní ẹgbẹ́ “ń fojú sí” ẹnì kan, ẹnu dùn ún ròfọ́, kò ná ẹgbẹ́ ní kọ́bọ̀ láti fojú sí èèyàn. Bó bá ní wọ́n “ti fẹnu kò”, tó sì dárúkọ iye ọdún àti iye owó, òótọ́ ti ń sún mọ́lé, àmọ́ ó ku dókítà. Ìgbà tí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ bá kéde, tí agbábọ́ọ̀lù wọ aṣọ níwájú kámẹ́rà, ni kí ẹ tó gbé fóònù.

Ìbéèrè: Ó ti sú mi. Ohtani lọ sọ́dọ̀ Dodgers, Judge kọ̀ wá, Bryce Harper lọ sí Philadelphia. Wọ́n ní owó orí ìpínlẹ̀ California ló ń lé wọn. Ṣé òótọ́ ni? (Olùkàwé ní San Jose)

Ìdáhùn: Ó jẹ́ òótọ́ fún àwọn kan, àmọ́ kò lè jẹ́ òótọ́ fún Shohei Ohtani, nítorí pé California náà ni Dodgers wà. Farhan Zaidi, tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù Giants nígbà náà, sọ ní gbangba pé ohun tí àwọn fi lọ Ohtani ní oṣù Kejìlá ọdún 2023 fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu pẹ̀lú ti Dodgers: ọdún mẹ́wàá, mílíọ̀nù 700 dọ́là. Nínú owó yẹn, mílíọ̀nù 680 ni Dodgers kò ní san títí di ọdún 2034 sí 2043. Owó nìkan kọ́ ló gbé e lọ sí Los Angeles nígbà náà.

Àwọn kan di ẹ̀bi náà ru pápá ìṣeré, pé Oracle Park kì í jẹ́ kí bọ́ọ̀lù fò. Òótọ́ ni pé ògiri apá ọ̀tún ga, tí àárín òun àti àárín gbùngbùn pápá sì jìn púpọ̀. Buster Posey, tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Giants rí, tó sì ti ní ìpín nínú ẹgbẹ́ náà nígbà yẹn, sọ ní òpin ọdún 2023 pé èrò tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ní nípa bí ìlú San Francisco ṣe rí wà lára ohun tó ń kọ wọ́n lóminú. A kò kó àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí dànù. Ṣùgbọ́n lójú tiwa, ìdí tó tóbi jù kò fara sin. Láti ọdún 2013 ni Dodgers ti ń dé playoffs lọ́dọọdún, ìyẹn ìdíje tí àwọn ẹgbẹ́ tó ṣe dáadáa jù ń gbá ní ìparí ọdún. Giants borí nínú eré 107 ní ọdún 2021, gbogbo wa yọ̀, àmọ́ láti ọdún 2022 sí 2025, wọn kò borí ju 81 lọ nínú eré 162 tí wọ́n ń gbá lọ́dún. Ẹni tó ti ní owó tí àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ kò lè ná tán, ibi tí yóò ti gba ife ẹ̀yẹ ló ń wá.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo èèyàn ló kọ̀ wá. Posey gba àkóso lọ́wọ́ Zaidi ní ìparí ìdíje ọdún 2024, nígbà tó sì di oṣù Kejìlá, Willy Adames, shortstop (ẹni tó ń ṣọ́ àárín base kejì àti ìkẹta), tọwọ́ bọ̀wé fún ọdún méje àti mílíọ̀nù 182 dọ́là, èyí tó ju gbogbo àdéhùn tí ẹgbẹ́ náà ti ṣe rí lọ, títí kan mílíọ̀nù 167 tí wọ́n fún Posey fúnra rẹ̀ ní ọdún 2013. Ohun kan wà lẹ́yìn àdéhùn Adames tí àhesọ kì í ṣàlàyé. Milwaukee Brewers ti fi qualifying offer lọ̀ ọ́, ìyẹn àdéhùn ọdún kan ní iye tí líìgì ti là sílẹ̀, mílíọ̀nù 21.05 dọ́là lọ́dún yẹn. Tí agbábọ́ọ̀lù bá kọ irú rẹ̀, ẹgbẹ́ tó bá gbà á gbọ́dọ̀ san nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí owó oṣù rẹ̀. Nítorí pé owó tí Giants ná ní ọdún 2024 ti kọjá mílíọ̀nù 237, ibi tí owó orí tí líìgì ń gbà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tó bá náwó jù ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yẹn, ẹ̀tọ́ méjì ni wọ́n pàdánù nínú yíyan àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù, èkejì àti ìkarùn-ún nínú tiwọn, pẹ̀lú mílíọ̀nù kan dọ́là nínú owó tí wọ́n fi ń gba àwọn ọ̀dọ́ láti ilẹ̀ òkèèrè. Bí ẹ bá gbọ́ pé ẹgbẹ́ yín ń lé ẹnì kan, ẹ wò ó bóyá qualifying offer wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹgbẹ́ Giants tó gba ife ẹ̀yẹ ní ọdún 2010, 2012 àti 2014 ní Posey, Tim Lincecum, Matt Cain àti Madison Bumgarner nínú, àwọn tí wọ́n yàn nígbà tí wọ́n ṣì kéré. Irú ẹ̀tọ́ tí a ń sọ yìí ni wọ́n fi rí wọn.

Ẹ má sì gbàgbé pé òmìnira agbábọ́ọ̀lù nìkan kọ́ ni ọ̀nà. Oṣù Kẹfà ọdún 2025 ni Rafael Devers dé láti Boston nípasẹ̀ pàṣípààrọ̀, kò sì sí àhesọ ìgbà òtútù kankan tó ti dárúkọ rẹ̀ fún wa.

Ìbéèrè: Nígbà wo ló yẹ kí n jáwọ́ nínú ríretí? Tí oṣù Kejì bá dé tí wọn ò tíì gba ẹnikẹ́ni, ṣé ó ti tán nìyẹn? (Olùkàwé ní Fresno)

Ìdáhùn: Kò tíì tán. Harper tí wọ́n dárúkọ lókè yẹn, ìparí oṣù Kejì ọdún 2019 ló tó gbà láti lọ sí Philadelphia. Ní ọdún 2024, oṣù Kẹta ni Giants rí Matt Chapman, wọ́n sì tún rí ajubọ́ọ̀lù Blake Snell nínú oṣù kan náà, nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ìdíje bẹ̀rẹ̀. Ìdí tí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ fi ń pẹ́ ni pé aṣojú wọn ń dúró de àdéhùn gígùn, tí kò sì sí ẹgbẹ́ tó fẹ́ fún wọn.

Àmọ́ ẹni tó bá pẹ́ dé lè pẹ́ kí ara rẹ̀ tó yá. Snell, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Cy Young, ẹ̀bùn ajubọ́ọ̀lù tó dára jù, ní ọdún 2023, kò rí àyè múra bó ṣe yẹ. Ó fara pa, kò sì borí nínú ẹyọ kan nínú eré mẹ́fà àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó wá di ọjọ́ kejì oṣù Kẹjọ ní Cincinnati, kò sí agbábọ́ọ̀lù Reds kan tó rí bọ́ọ̀lù rẹ̀ gbá láyọrí láti ìbẹ̀rẹ̀ eré dé ìparí. Ọdún méjì àti mílíọ̀nù 62 dọ́là ló wà nínú ìwé rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀tọ́ láti jáde lẹ́yìn ọdún kìíní. Ó lo ẹ̀tọ́ náà, Dodgers sì fún un ní ọdún márùn-ún àti mílíọ̀nù 182. Nítorí náà, tí ẹ bá gbọ́ ìròyìn ayọ̀ ní oṣù Kẹta, ẹ wo iye ọdún tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì wo ọdún tí agbábọ́ọ̀lù náà lè jáde.