Ṣé Anthony Johnson ni baba ńlá ọkọ mi?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Amẹ́ríkà dúdú lọkọ mi, Johnson lórúkọ ìdílé wọn. Ìyá ẹ̀ máa ń sọ fún wa pé Anthony Johnson tó gbé ní Virginia láyé ọjọ́un ni baba ńlá àwọn, ọmọ wa sì fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé. Báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá òótọ́ ni?
Ìyàwó Johnson, Baltimore

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ilé o, ìyàwó wa. Ọkùnrin yẹn wà lóòótọ́ jàre. Ọdún 1621 ló wọkọ̀ James dé Virginia, Antonio lásán ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún un, àwọn òpìtàn sì gbà pé Àǹgólà ni wọ́n ti mú un wá. Ọdún kejì làwọn Powhatan, ìyẹn àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, kọlu oko Bennett tó ti ń ṣiṣẹ́, ó lé ní 50 èèyàn tó kú níbẹ̀, òun wà lára ìwọ̀nba tó yè é. Ọdún yẹn náà ni Mary tó padà fẹ́ dé. Nígbà tó fi máa di 1651 ó ti gba ara ẹ̀ sílẹ̀, ó ti ní 250 éékà, torí ìjọba ń fúnni ní 50 éékà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan téèyàn bá sanwó ọkọ̀ fún wá. Iná jó wọn lóko ní 1653, kóòtù bá ní kí Mary àtàwọn ọmọbìnrin méjèèjì má san owó orí mọ́.

Ibi tó ń dun èèyàn ni pé òun tó ti sin èèyàn rí ló tún gbé John Casor, adúláwọ̀ bíi tiẹ̀, lọ sí kóòtù pé ẹrú òun ni, kóòtù sì dá Casor padà fún un ní 1655. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín yọ ìyẹn kúrò o. Wọ́n kó lọ sí Maryland níkẹyìn. Nígbà tó kú, ní 1670, wọ́n ní adúláwọ̀ ni, àjèjì ni, ilẹ̀ tó fi sílẹ̀ ní Virginia lè di ti ọba. Ọmọ ọmọ ẹ̀ ra 44 éékà ní Maryland ní 1677, ó sọ ọ́ ní Angola. Lẹ́yìn ìyẹn orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá nínú ìwé.

Wàhálà yín nìyẹn. Ẹ má tibi Anthony bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ wá máa wá ọ̀nà bọ̀ sọ́dọ̀ ọkọ yín, ṣé gbogbo Johnson tó wà l'Ékòó ló bá ara wọn tan ni? Ọ̀dọ̀ ọkọ yín ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ máa padà sẹ́yìn níran kọ̀ọ̀kan. Ìwé ìkànìyàn 1870 ló kọ́kọ́ kọ orúkọ gbogbo adúláwọ̀. Ní 1850 àti 1860, orúkọ olówó ẹrú ni wọ́n kọ, ọjọ́ orí ẹrú àti akọ tàbí abo ló kù, àmọ́ àwọn tó jẹ́ òmìnira ní orúkọ tiwọn. Tẹ́ ẹ bá rí ẹbí yín láàárín àwọn òmìnira wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ ti ń dùn nìyẹn, torí láti 1793 ni òfin Virginia ti ní kí adúláwọ̀ òmìnira lọ forúkọ sílẹ̀. Ìwé kóòtù Northampton, káúntì tí Anthony gbé ní Virginia, wà láti 1632. FamilySearch, ìkànnì tí wọ́n ti ń wá ìtàn ìdílé, ò gba kọ́bọ̀, Library of Virginia, ilé ìkówèésí ìpínlẹ̀ náà ní Richmond, sì gbé ìwé ilẹ̀ àtijọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ má kówó sórí tẹ́ẹ̀sì DNA torí èyí o, ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ti tó ìran mẹ́wàá sẹ́yìn lè má hàn níbẹ̀ rárá. Ẹ kọ́kọ́ bi ìyá ọkọ yín káúntì tí wọ́n ti bí bàbá àgbà wọn.