Ẹ Bi Wá, Ká Dá Yín Lóhùn: Àwọ̀ Wo Ni Kí N Fi Sórí Nọ́ọ̀bù Synth Mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní synth kan, ìyẹn ohun èlò orin oníná tó ń ṣẹ̀dá ohùn fúnra ẹ̀, tí nọ́ọ̀bù orí ẹ̀ lé ní ọgbọ̀n, gbogbo wọn dúdú, gbogbo wọn ga bákan náà. Tí mo bá ń ṣeré lọ́wọ́ tí mo sì fẹ́ ṣí fílítà, ìyẹn apá tó ń sẹ́ ohùn, ọwọ́ mi á lọ mú nọ́ọ̀bù míì, ohùn á kàn dàrú. Mo rí i pé àwọn kan ń fi nọ́ọ̀bù aláwọ̀ oríṣiríṣi sórí tiwọn, èmi náà fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣé kí n fún attack (bí ohùn ṣe ń yára dé) ní àwọ̀ kan, decay (bó ṣe ń rọlẹ̀) ní òmíì, release (bó ṣe ń parẹ́ téèyàn bá gbọ́wọ́ kúrò) ní òmíì, àbí báwo ni wọ́n ṣe ń pín in?

Ìdáhùn: Rárá o, ẹ má pín in báyẹn jọ̀ọ́. Mo mọ̀ pé òun ló kọ́kọ́ ń wá síni lọ́kàn, àmọ́ ẹ wò ó, ọ̀pọ̀ synth ló ní envelope méjì, ìyẹn apá tí attack, decay àti release wà nínú ẹ̀, ọ̀kan ń darí fílítà, ìkejì ń darí bí ohùn ṣe ń ròkè tó sì ń lọ sílẹ̀. Attack méjì nìyẹn, decay méjì, release méjì. Tẹ́ ẹ bá fún gbogbo attack ní búlúù, búlúù méjì lẹ máa rí, ẹ ò sì ní mọ èwo ni ti fílítà. Pé ó jẹ́ attack, wọ́n ti kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀, kò dìgbà tí àwọ̀ bá tún un sọ. Ohun tó yẹ kí àwọ̀ sọ fún yín ni ibi tí nọ́ọ̀bù yẹn ti ń ṣiṣẹ́, ìyẹn ni pé, tí mo bá yí èyí, kí ló máa yí padà létí mi?

Torí náà, ọ̀nà tí ohùn ń gbà ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Ohùn á bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ oscillator tó ń dá a sílẹ̀, á gba mixer tó ń pò ó pọ̀ kọjá, á wọ fílítà, á wá gba ibi amplifier tó ń pinnu bó ṣe máa ròkè tó jáde. Minimoog, synth kan tó jáde ní 1970, bí wọ́n ṣe to ojú ẹ̀ nìyẹn látọwọ́ òsì lọ sọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀pọ̀ synth tó dé lẹ́yìn ẹ̀ ló sì ṣe bẹ́ẹ̀. Tèmi ni pé kẹ́ ẹ fún oscillator àti mixer ní àwọ̀ kan, fílítà pẹ̀lú envelope tiẹ̀ ní àwọ̀ kan, amplifier pẹ̀lú envelope tiẹ̀ náà ní àwọ̀ kan, kí LFO, tó ń mú kí ohùn máa lọ sókè sódò fúnra ẹ̀, gba ẹ̀kẹrin, kẹ́ ẹ wá fi delay, reverb (àwọn tó ń mú kí ohùn dún padà) àti àwọn yòókù sílẹ̀ ní dúdú tí wọ́n wà. Dúdú náà àwọ̀ ni o, ó ń ṣiṣẹ́. Tí àwọ̀ bá ti kọjá 5, ẹ máa tún bẹ̀rẹ̀ sí rò ó pé èwo wá ni ti èwo, bẹ́ẹ̀ torí kẹ́ ẹ má bàa máa ronú lórí ìyẹn la ṣe ń ṣe é.

Cutoff, ìyẹn nọ́ọ̀bù tó ń ṣí fílítà tó sì ń pa á dé, nìkan ni mo fẹ́ kó dá yàtọ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Kó ní àwọ̀ fílítà, ṣùgbọ́n kó tóbi jù wọ́n lọ, kí ọwọ́ yín lè mọ̀ ọ́n kí ojú tó débẹ̀. Tí àyè tó wà láàárín òun àti èyí tó tẹ̀ lé e bá kéré, ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó ra ńlá, torí ìka gbọ́dọ̀ ráyè wọ àárín wọn.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ yìí ti pẹ́. Ẹ wo Roland TR-808, ẹ̀rọ ìlù kan tó jáde ní 1980, bọ́tìnnì 16 ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀, 4 pupa, 4 àwọ̀ ọsàn, 4 yẹ́lò, 4 funfun, mẹ́rin mẹ́rin fún bíìtì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń lò ó ò ní láti kà á, tó bá ti fojú kan ibi tí yẹ́lò ti bẹ̀rẹ̀ ó ti mọ̀ pé bíìtì kẹta nìyẹn. Iṣẹ́ tí àwọ̀ ń ṣe nìyẹn, kì í ṣe fún ẹwà nìkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó rẹwà lóòótọ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí ni iná orí ìtàgé. Lábẹ́ iná pupa, nọ́ọ̀bù pupa àti funfun á jọra wọn, búlúù àti gíríìnì á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di dúdú. Ẹ má kàn mú àwọ̀ nítorí orúkọ ẹ̀, ẹ mú èyí tó mọ́lẹ̀ àti èyí tó ṣókùnkùn, kí ìyàtọ̀ ṣì wà níbẹ̀ tí iná bá pa àwọ̀ jẹ. Bákan náà, àwọn kan wà tí ojú wọn kì í ya pupa àti gíríìnì sọ́tọ̀, láàárín àwọn òyìnbó Yúróòpù ó tó ọkùnrin 1 nínú 12. Tí ẹlòmíì bá máa bá yín lo synth yẹn, búlúù àti yẹ́lò ló dáa jù láti fi síbi tí àṣìṣe ti máa dunni. Kẹ́ ẹ sì má gbàgbé ìlà tó ń tọ́ka lórí nọ́ọ̀bù, funfun lórí àwọ̀ tó ṣókùnkùn, dúdú lórí yẹ́lò, tí ìlà ò bá hàn kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa mọ ibi tẹ́ ẹ yí i dé.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo ra nọ́ọ̀bù tó dáa lójú, àwọn kan ò wọlé rárá, àwọn tó wọlé ń yí lásán. Ẹni tó tà á fún mi ní bákan náà ni gbogbo nọ́ọ̀bù.

Ìdáhùn: Kì í ṣe bákan náà rárá. Ọ̀pá tí nọ́ọ̀bù ń jókòó lé, èyí tó fẹ̀ ní 6 mm wà, èyí tó fẹ̀ ní 6.35 mm náà wà, ojú lásán ò lè mọ ìyàtọ̀ wọn. Nọ́ọ̀bù 6 mm ò ní wọ ọ̀pá 6.35, ti 6.35 á sì máa mì lórí ọ̀pá 6 àyàfi tó bá ní sukúrù lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń dì í mú. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ wo bí orí ọ̀pá náà ṣe rí: òmíì rí bíi lẹ́tà D, apá kan ẹ̀ pẹlẹbẹ, òmíì ní eyín yíká, ó sábà máa ń jẹ́ 18, òmíì kàn rí róbótó ó sì ń dán, ìyẹn ló nílò sukúrù. Ẹ yọ nọ́ọ̀bù kan lára synth yín, ẹ fi kálípà (irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe fẹ̀ tó) wọn ọ̀pá ẹ̀, ẹ wo bí ihò nọ́ọ̀bù náà ṣe jìn tó, kẹ́ ẹ tó tún náwó.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yọ wọ́n, ẹ pa iná ẹ̀ kẹ́ ẹ sì fa wáyà ẹ̀ yọ, ẹ ya fọ́tò ojú ẹ̀, kẹ́ ẹ yí gbogbo nọ́ọ̀bù sí òdo pátápátá, kẹ́ ẹ lè mọ ibi tí ìlà á kọjú sí tẹ́ ẹ bá ń dá tuntun padà, àgàgà tó bá jẹ́ ọ̀pá eléyín. Tí sukúrù bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ tú u ná. Tí kò bá sí, ẹ fà á lọ sókè tààrà. Tó bá kọ̀, ẹ ti òwú tó lágbára gba abẹ́ ẹ̀ yíká kẹ́ ẹ mú etí méjèèjì fà, ẹ má fi sukudiráfà hú u, ó máa ń ha ojú synth ó sì lè tẹ ọ̀pá. Tẹ́ ẹ bá ń ti tuntun wọlé tó sì le, ẹ dúró. Lára ọ̀pọ̀ synth, pátákó inú nìkan ni wọ́n jó potentiometer, ìyẹn ohun tí ọ̀pá nọ́ọ̀bù wà lára ẹ̀, mọ́, àtìpá lè já a kúrò níbẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè fi kútẹ́ẹ̀sì kun èyí tí mo ní dípò kí n ra òmíì?

Ìdáhùn: Mi ò ní gbà yín níyànjú ẹ̀. Oògùn tó wà nínú kútẹ́ẹ̀sì lè jẹ rọ́bà nọ́ọ̀bù, acetone tí wọ́n fi ń nù ún kúrò tún burú ju òun fúnra ẹ̀ lọ, ó ń yọ́ ABS, irú rọ́bà líle tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀bù. Ọ̀dà acrylic ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ fi isopropyl alcohol nu epo ọwọ́ kúrò, ẹ fi sáńpépà tó kúnná họ ọ́ díẹ̀, ẹ kùn ún fẹ́ẹ́rẹ́, kó gbẹ, ẹ tún kùn ún. Orí ẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ kùn, torí ẹ̀gbẹ́ tí ìka ń dì mú á bó láìpẹ́, ọ̀dà ò sì gbọdọ̀ kan inú ihò. Tí nọ́ọ̀bù yín bá ní awọ rọ́bà rírọ̀ lára, ọ̀dà ò ní dúró níbẹ̀, sítíkà róbótó kékeré ló dáa fún irú ẹ̀, ó tún rọrùn láti ṣí kúrò tẹ́ ẹ bá fẹ́ yí ètò àwọ̀ yín padà. Ẹni tó bá sì pààrọ̀ nọ́ọ̀bù pátápátá, kó tọ́jú àwọn ti tẹ́lẹ̀ sínú ọ̀rá kan, ẹni tó bá fẹ́ ra synth yẹn lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ iwájú máa bèèrè wọn.